Wèrè lórí ìtàgé: báwo la ṣe fẹ́ ṣe é tí èrò ò fi ní sọ ọ́ di àwàdà?

TísàCatchi (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò wa ń bá mi ṣe eré ìtàgé. Lọ́dún yìí a mú Bacchae, eré Euripides ará Gíríìkì, a sì ń ṣe é ní Yorùbá. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: Pentheus ọba Thebes kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní bọ òrìṣà Dionysos nílùú òun. Òrìṣà náà da orí àwọn obìnrin ìlú rú, wọ́n sá lọ sórí òkè, Agave ìyá ọba sì wà lára wọn. Ọba múra bí obìnrin, ó lọ ṣọ́ wọn. Ìyá rẹ̀ ò dá a mọ̀. Òun àtàwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ fi ọwọ́ lásán fa ọmọ náà ya. Agave wá gbé orí ọmọ rẹ̀ wọ̀lú, ó ń yọ̀, ó ní kìnnìún lòun pa.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọbìnrin tó ń ṣe Agave mọ iṣẹ́ náà dunjú. Igbá la fi aṣọ wé tí a fi ṣe orí. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá ń dán an wò nínú ọgbà, àwọn ará àdúgbò a pé lé wa lórí, bó bá sì ti gbé igbá yẹn yọ báyìí, ẹ̀rín á bú. Àwọn ọmọdé ń sín in jẹ. Lánàá, ìyá alákàrà kan rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ìran tó yẹ kó mú omi lójú èèyàn!

Ṣé ká yí eré padà ni? Ká mú King Lear tàbí Hamlet ti Shakespeare? Àbí ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà ṣe wèrè tí èrò ò fi ní rẹ́rìn-ín? Ẹ gbà mí o.

ỌmọAlákétu (Kétu)

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ò rí wàhálà kankan níbẹ̀ o. Ṣebí wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìdajì àkọ́kọ́ òwe yẹn ni àwọn aládùúgbò yín ń ṣe. Iṣẹ́ tiyín ni láti mú wọn dé ìdajì kejì.

Ní Kétu níbí, bí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀rín ló ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ èrò. Á fi ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ ṣẹ̀fẹ̀, gbogbo ọjà á máa rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n ń bá wí gan-an á bá wọn rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ni. Ẹ̀rín yẹn ló ṣí i lára sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó gún un. Euripides mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín dé ibi tí ó yẹ.

ÌyáÌbejì_Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ má bínú sí mi o, èmi ò kàwé tó yín. Ọmọ ta ni ẹ fi ń ṣe wèrè yẹn? Ṣé ìyá rẹ̀ mọ̀? Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ọmọdé bá sín wèrè jẹ, etí rẹ̀ ni àgbà máa kọ́kọ́ fà, torí pé kò yẹ kéèyàn máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tí kò fẹ́ kó jẹ́ òun.

Mo ń tajà ní Ouando. Ọkùnrin kan wà tó ti máa ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, orí rẹ̀ ò pé, ṣùgbọ́n ó máa ń kí wa, a sì máa ń dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan ó gba àárín ìsọ̀ wọlé, ó bu tòmátò lórí àtẹ ẹlòmíì, ó ń jẹ ẹ́. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mirí. Wọ́n ní ó tán, ó ti wọ ọjà. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún bi í pé ọmọ ilé ibo ni. Mo ń rí i títí dòní. Ẹ ò lè fi ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

TísàCatchi

Ìyá, ẹ ṣé. Ìyá ọmọ náà mọ̀. Ohun tí ẹ béèrè yìí lòun náà béèrè, ó ní ká jẹ́ kóun lọ gbàdúrà sí i ná. Ó padà wá, ó ní kò burú. Bí a bá ń ṣe é báyìí, iwájú ló máa ń jókòó sí, òun nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

AraPọ́bẹ̀

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ọjà tí ẹ sọ yẹn wà nínú ìwé. Chinua Achebe kọ ìtàn kúkurú kan nípa wèrè, ó wà nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1972. Ọkùnrin kan, Nwibe, ẹni iyì, tó kù díẹ̀ kó joyè, ń wẹ̀ lódò. Wèrè kan débẹ̀, ó gbé aṣọ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nwibe gbá tẹ̀lé e níhòòhò, ó ń pariwo pé wèrè gbé òun láṣọ. Ta lẹ rò pé àwọn tó rí wọn pè ní wèrè nínú àwọn méjèèjì? Ọ̀nà ọjà ni wọ́n sáré gbà. Ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tó lórúkọ, ìyẹn ní òun ò lè wo ẹni tó ti sáré wọ ọjà níhòòhò. Orí ọkùnrin náà pé ṣáṣá nígbà tó ń bẹ́ sínú odò. Ọjà ló yà á ní wèrè.

Èyí ni mo fi ń bi Tísà: kí ló ń gbé yín lọ sí Gíríìkì? Ẹ wo Rẹ́rẹ́ Rún ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1973). Láwúwo tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́, wàhálà àwọn ọ̀gá níwájú, ikú ìyàwó lẹ́yìn, ó ya wèrè. Kò sí òrìṣà kankan tó rán nǹkan sí i. Florent Couao-Zotti náà ń bẹ, wọ́n bí i ní Pọ́bẹ̀ wa níbí ní 1964, ó sì kọ odindi ìwé ìtàn kúkurú, L'Homme dit fou et la mauvaise foi des hommes (2000), ìyẹn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní wèrè àti àìṣòótọ́ ọmọ aráyé. Ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, ti Racine ará Faransé nìkan ni wọ́n ń kì bọ̀ wá lọ́pọlọ, Oreste tó ń rí ejò tí ẹnikẹ́ni ò rí ní ìparí eré Andromaque. A há a sórí nítorí bák, ìdánwò àṣekágbá lísè, a gba bák tán, a gbàgbé ẹ̀.

NọọsiṢábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, àwọn tí orí ń dà láàmú ni mo sì ń tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú.

Bí òṣèré wa bá fẹ́ ṣe wèrè: aṣọ àkísà, irun tó ta kókó, ẹ̀rín kàkà, ó parí. Irú wọn wà lóòótọ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń rí, jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń jókòó. Aṣọ wọn mọ́. Ètè wọn ń mì díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dá ẹnìkan tí a ò rí lóhùn. Ẹni tó bá wò wọ́n ò ní rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ló máa bà á.

Shakespeare mọ èyí. Ẹ wo ìyàwó Macbeth, tó ti ọkọ rẹ̀ títí ìyẹn fi pa ọba, tó gorí oyè. Òru ni, ó mú àtùpà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, bẹ́ẹ̀ oorun ló ń sùn. Ó ń fọ ọwọ́ tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Dókítà àti obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wò ó. Obìnrin náà ti gbọ́ ohun tó ń sọ lóru míì, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní tún un sọ fún ẹnikẹ́ni, torí òun ò ní ẹlẹ́rìí. Ta ló fẹ́ kú sọ́rọ̀ ọba? Dókítà ní àìsàn yìí ju agbára òun lọ. Ó wá ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí wọ́n má sì mójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ohun tí à ń sọ fún ẹbí aláìsàn lónìí náà nìyẹn! Nínú Lear ẹ̀wẹ̀, nígbà tí orí ọba náà ti dàrú pátá lẹ́yìn òjò àti ìjì, oorun ni dókítà kọ́kọ́ kọ fún un.

Nísinsìnyí, Tísà, ẹ gbàgbé Agave. Cadmus bàbá rẹ̀ ni kí ẹ wò. Mi ò rí nọ́ọ̀sì tó dára tó o rí nínú eré kankan. Ọmọ rẹ̀ gbé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò pariwo mọ́ ọn, kò gba orí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ gbójú sókè wo ọ̀run. Ṣé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe rí? Agave wò ó, ó ní ó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bi í pé, ilé ta ni mo fi ọ́ fún lọ́kọ? Ó dáhùn. Ọmọ wo lo bí níbẹ̀? Ó ní Pentheus. Ó wá bi í: orí ta ló wà lọ́wọ́ rẹ yìí? Agave ní ti kìnnìún, ohun tí àwọn tí àwọn jọ ṣọdẹ sọ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. "Wọ́n sọ." Ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé kìnnìún ni. Iyèméjì ti wọlé. Bàbá ní, tún un wò.

Ẹ ní kí ọmọkùnrin tó ń ṣe Cadmus má kánjú. Kó dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan títí ara á fi máa ni àwọn tó ń wò ó.

ỌmọAlákétu

Nọ́ọ̀sì, ẹ pa á! Ìdajì kejì òwe mi nìyẹn.

Onízémì_Ọlọ́gbọ́n

Èmi ti Dáfídì lèmi ń bá lọ o. Ó sá dé ọ̀dọ̀ Ákíṣì ọba Gátì, ẹ̀rù bà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀kùn, ó jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ọba ní ṣé wèrè ló wọ́n òun ni tí wọ́n fi mú eléyìí wá! Ó bọ́ nìyẹn. Odysseus, ọba kan nínú ìtàn Gíríìkì, náà gbìyànjú ẹ̀ kó má bàa lọ sógun Troy, ó so ẹran méjì tí kò bára mu mọ́ ohun ìtúlẹ̀, ó ń gbin iyọ̀. Palamedes gbé ọmọ rẹ̀ jòjòló síwájú ohun ìtúlẹ̀ náà. Wèrè yà fún ọmọ. Àṣírí tú. 😂

Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró lọ́la ní ọ̀nà Avrankou, itọ́ ni mo máa dà.

AlfaKékeré (Àjàṣẹ́)

Onízémì, ọlọ́pàá ibẹ̀ á gbin iyọ̀ sí ẹ lójú.

Àárín wa, àwọn ẹni tí wọ́n ń pè ní wèrè pọ̀ tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ ni àwọn èèyàn ò fẹ́ gbọ́. Ohun tí àwọn aláìgbàgbọ́ Mẹ́kà sọ sí Ànábì wa nìyẹn, Súrátù Al-Qalam sì dá wọn lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé ìwọ kì í ṣe wèrè.

Ẹ tún wo ìtàn Qays tí wọ́n sọ lórúkọ Majnun, ìyẹn wèrè lédè Lárúbáwá. Ìfẹ́ Layla ló gbà á lọ́kàn tó fi ń rìn nínú aginjù pẹ̀lú àwọn ẹranko. Nizami ará Páṣíà sọ ọ́ di ewì gígùn ní 1188. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Mẹ́kà, ó ní kó di Káábà mú, kó tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kó gba òun lọ́wọ́ ìfẹ́ yìí. Ọmọ náà di Káábà mú lóòótọ́, ó wá tọrọ pé kí Ọlọ́run fi kún un. Ẹ ronú sí bàbá yẹn, tó dúró tì í, tó ń gbọ́ àdúrà tí ọmọ rẹ̀ ń gbà.

ỌmọÌfọ̀nyìn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ Ajax, eré Sophocles ará Gíríìkì, bẹ́ẹ̀ eré yẹn gan-an ló sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rín.

Nígbà tí Achilles, akọni wọn, kú lógun Troy, wọ́n gbé ohun ìjà rẹ̀ fún Odysseus, inú bí Ajax, ó dìde lóru láti pa àwọn olórí ogun. Athena, òrìṣà obìnrin kan, yí i lójú padà. Màlúù àti àgùntàn ló lọ dúḿbú. Ó so àgbò kan mọ́ òpó, ó ń nà án, ó rò pé Odysseus ni. Ibi tí Sophocles ti fakọ yọ nìyí: Athena pe Odysseus fúnra rẹ̀ wá, ó ní wá wo ọ̀tá rẹ. Ó ní ṣé kò sí ẹ̀rín tó dùn tó kéèyàn fi ọ̀tá rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni? Odysseus kọ̀. Ó ní àánú rẹ̀ ṣe òun, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá òun, torí òun rí i pé ohun tó dé bá a lè dé bá òun náà. Òrìṣà ní kó rẹ́rìn-ín, èèyàn ní òun ò rín.

Orí Ajax wá pé. Ó rí òkú ẹran nílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó ri idà tí Hector, jagunjagun Troy, fún un mọ́lẹ̀, ó ṣubú lé e.

Àmọ́ ẹ fi Heracles ti Euripides sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òrìṣà Hera rán wèrè sí i, ó pa ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó jí, tó sì gbọ́ ohun tó ṣe, òun náà fẹ́ kú. Theseus ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé. Heracles faṣọ borí kí èérí ẹ̀jẹ̀ má bàa ran ọ̀rẹ́ rẹ̀. Theseus ní kó ká a kúrò, òun ò bẹ̀rù, ó fún un lọ́wọ́, ó mú un lọ sí Áténì. Nǹkan kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì, ẹni tó dúró tì wọ́n ni kò dọ́gba. Lójú tèmi, èyí ni ká máa wò nínú gbogbo eré wèrè.

ỌmọAlákétu

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àfiṣe ni gbogbo ẹ̀: Athena ló ṣe Ajax, Hera ló ṣe Heracles, Dionysos ló ṣe Agave. Bí bàbá wa kan bá jókòó sí Áténì, kò ní yà á lẹ́nu rárá. Ohun tó máa béèrè ni pé, kí ló dé tí wọn ò fi difá? Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó rúbọ?

NọọsiṢábẹ̀ẹ́

Ìbéèrè yẹn ló ń pa àwọn èèyàn mi. Ẹbí á máa wá ẹni tó fi ṣe é kiri, ilé dé ilé, owó á tán, ọmọ á wà ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n bá máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, irin á ti jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

ỌmọAlákétu

Mi ò ní kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ o. Ṣé irọ́ ni pé àwọn bàbá wa mọ ewé rẹ̀? Asofẹ́yẹjẹ ńkọ́?

NọọsiṢábẹ̀ẹ́

Òótọ́ ni. Irú igi yẹn kan náà tó ń hù ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ oògùn reserpine jáde ní 1952, wọ́n sì fi tọ́jú wèrè káàkiri ayé. Ẹni tó bá sì bù ú láìwọ̀n, ìfúnpá aláìsàn á já wálẹ̀, ó lè kú. Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ ará Nàìjíríà, kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aro, Abẹ́òkúta, ní 1954. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn. Ní ti àwa náà, Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, iṣẹ́ táyà ló ń ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tí wọ́n so mọ́ igi. Ibùdó rẹ̀ kan wà ní Avrankou níbí, ẹ̀gbẹ́ Àjàṣẹ́. Theseus tiwa nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ ká jà, ỌmọAlákétu. Ẹ bá mi sọ fún wọn ní Kétu kí wọ́n má so wọ́n mọ́lẹ̀, èmi á bá yín wò Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

ỌmọAlákétu

Mo gbà. Ẹ mú owó tí ẹ máa fi tọrẹ fún Ẹ̀fẹ̀ dání o.

TísàCatchi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gan-an. A ti tún un ṣe. Mo bọ́ àkísà kúrò lọ́rùn Agave. Aṣọ òkè ìyá rẹ̀ ló wọ̀ báyìí, gèlè rẹ̀ wà lórí, àfi bàtà tó ti bọ́ lẹ́sẹ̀ kan. Mo ní kó má rẹ́rìn-ín mọ́, kó máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kí àlejò. Ọmọ tó ń ṣe Cadmus, mo ní kó máa ka ẹ̀ẹ́wàá nínú kó tó bi ìbéèrè tó kàn.

Wọ́n ṣì rẹ́rìn-ín nígbà tó wọlé. Ó ku díẹ̀ kí n bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí "wo ọ̀run". Nígbà tó débi "ọmọ wo lo bí níbẹ̀", àwọn obìnrin ti dákẹ́, àwọn ọmọdé ló kù tó ń ṣe hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá gbá ọmọ rẹ̀ létí. Nígbà tí Cadmus ní kó tún un wò, ìyá ọmọbìnrin náà dìde, ó gba igbá yẹn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sílé. Eré dúró síbẹ̀, a ò lè parí ẹ̀.

Onízémì_Ọlọ́gbọ́n

Ó gba igbá lọ?! Ẹ ò tíì rí orí míì báyìí?

TísàCatchi

À ń wá a. Ó ní ẹ̀kọ lòun fi ń bù.

AraPọ́bẹ̀

Ẹ jẹ́ kó wọ inú eré náà, ẹ̀yin Tísà. Ẹ kọ ọ́ sí i pé ará ìlú kan jáde láti àárín èrò.

ÌyáÌbejì_Ouando

Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀ o. Ó ti ṣe tirẹ̀. Mo ní igbá kékeré kan tó ti sán létí, mi ò lò ó mọ́, ẹ rán ẹnìkan wá gbà á. Ọjọ́ wo gan-an ni eré yín? Ẹ má fi sí ọjọ́ ọjà Ouando, torí mo fẹ́ wá.